Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ta Ló Rán An Níṣẹ́?

Bíbélì kíkà: Jòhánù 15:12–14

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa,

Gbólóhùn kan ń ti etí dé etí láàárín wa lọ́sẹ̀ yìí nípa ọmọ kan láàárín wa tó kú níbi tó ti ń ran ẹlòmíràn lọ́wọ́, tí ọ̀pọ̀ sì dúró, tí wọ́n ń fi fóònù ya fídíò. Wọ́n sọ ọ́ lẹ́yìn ìsìn, wọ́n sọ ọ́ lórí fóònù, ẹnìkan tilẹ̀ sọ ọ́ níbi tí ìyá ọmọ náà, tí kò yẹ kó gbọ́ ọ, ti gbọ́ ọ. Gbólóhùn náà kò gùn: "Ta ló rán an níṣẹ́?"

Mi ò ní ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó sọ ọ́ mọ ara rẹ̀, ẹni tó gbọ́ ọ kò sì tíì rí oorun sùn. Ẹsẹ Bíbélì kan àti sàréè kan ni mo fẹ́ fi dáhùn ìbéèrè náà.

Sàréè yẹn wà ní Brandhoek, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, kò jìnnà sí ìlú Ypres. Noel Chavasse ni wọ́n sin síbẹ̀. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 1917 ló kú, ọ̀sẹ̀ yìí gan-an ni ìrántí rẹ̀ sì bọ́ sí. Ọmọ ọdún 32 ni. Dókítà ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, sárésáré sì ni. Bàbá rẹ̀ ni bíṣọ́ọ̀bù Liverpool. Òun àti Christopher, tí wọ́n jọ jẹ́ ìbejì, jọ lọ sí Yunifásítì Oxford, wọ́n sì jọ sáré 400 mítà níbi Ìdíje Òlíḿpíìkì tó wáyé ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1908. Kò sí èyí tó dé ìpele àṣekágbá nínú àwọn méjèèjì.

Àmì-ẹ̀yẹ Victoria Cross, èyí tó ga jù lọ tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fún akọni ojú ogun, méjì ni wọ́n gbẹ́ sára òkúta Chavasse. Ènìyàn mẹ́ta péré ló tíì gba àmì-ẹ̀yẹ yẹn lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, dókítà sì ni méjì nínú wọn. Ẹsẹ Bíbélì tó wà lára òkúta náà ni èyí tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò:

"Kò sí ẹnìkan tí ó ní ìfẹ́ tí ó tóbi ju èyí lọ, pé ẹnìkan fi ẹ̀mí rẹ̀ lélẹ̀ nítorí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀."

A ti ka ẹsẹ yìí níbi ìsìnkú tó bẹ́ẹ̀ tí etí wa kò gbọ́ ọ mọ́. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà, "fi lélẹ̀". Ẹni tó fi nǹkan lélẹ̀ kò jù ú nù. Ohun tí a bá jù nù, a kì í wo ibi tó balẹ̀ sí. Ohun tó bá sì já bọ́ lọ́wọ́ ẹni, a ò fọkàn sí i kó tó bọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi lélẹ̀, ọwọ́ wa ló gbé e, ojú wa ló wá àyè fún un, a sì lè tọ́ka sí ibi tó wà. Ìyàtọ̀ yìí ni àwọn tó ń sọ pé ẹnìkan "fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣòfò" kò rí. Olúwa fúnra rẹ̀ ti là á yé wa ní orí kẹwàá: "Ẹnìkan kò gbà á lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n mo fi í lélẹ̀ fún ara mi."

Ẹ wá ṣí orí kẹtàlá. Jésù dìde nídìí oúnjẹ alẹ́, ó bọ́ aṣọ àwọ̀lékè rẹ̀ sí apá kan, ó sán aṣọ ìnura mọ́dìí, ó bu omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn. Ní èdè Gíríìkì tí Jòhánù fi kọ̀wé, ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ló lò fún aṣọ tí Olúwa fi sílẹ̀ yìí àti fún ẹ̀mí tí Olùṣọ́-àgùntàn Rere fi lélẹ̀. Lójú tèmi, kì í ṣe èèṣì. Ó bọ́ aṣọ kí ọwọ́ rẹ̀ lè ráyè ṣiṣẹ́ ni. Nítorí náà, ìdí omi ẹlẹ́gbin ni fífi ẹ̀mí lélẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, nídìí iṣẹ́ tí kò sí ẹlòmíràn tó fẹ́ ṣe é. Orí àgbélébùú ló parí sí.

Inú orí kẹtàlá yẹn kan náà ni Pétérù ti là á mọ́lẹ̀ pé: "Èmi ó fi ẹ̀mí mi lélẹ̀ nítorí rẹ." Ọ̀rọ̀ kan náà ló tẹnu rẹ̀ jáde, kò sì sí irọ́ nínú ọkàn rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. Àmọ́ nígbà tí òru dé, tí ọmọbìnrin aṣọ́nà bi í léèrè, ọ̀rọ̀ náà ti dín kù sí "Èmi kọ́." Ẹnu dùn-ún ròfọ́, agada ọwọ́ dùn-ún ṣánko.

Chavasse kò fi ẹ̀mí tirẹ̀ lélẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọdún 1912 ló di dókítà, ní Liverpool ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1913 ó wọ ẹ̀ka ìṣègùn ọmọ ogun, wọ́n sì fi í ṣe dókítà ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí wọ́n ń pè ní Liverpool Scottish. Dókítà irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í jókòó sí ọsibítù. Ẹ̀yìn yàrà ogun gan-an ni ibùdó rẹ̀, nínú ihò tàbí àjà-ilẹ̀ kan, òun àti àwọn agbé-sítírẹ́ṣà rẹ̀, ìyẹn àwọn tó ń gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́. Iṣẹ́ abẹ kọ́ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Wọ́n á dá ẹ̀jẹ̀ dúró, wọ́n á di ọgbẹ́, wọ́n á de egungun tó ṣẹ́ mọ́ igi tàbí irin, wọ́n á kọ ohun tí wọ́n ṣe sórí páálí, wọ́n á so ó mọ́ ara ẹni náà, kí wọ́n tó gbé e lọ sẹ́yìn, sí ibi tí mọ́tò ti lè dé. Ibùdó iṣẹ́ abẹ tún wà lẹ́yìn ìyẹn, ọsibítù ńlá sì jìnnà gan-an. Bí ìpele àkọ́kọ́ yẹn bá kùnà, òkú ni wọ́n ń gbé dé ìpele kejì.

Ẹ wo egungun itan nìkan. Bí ó bá ṣẹ́ tí wọ́n sì gbé ẹni náà bẹ́ẹ̀, ojú egungun méjèèjì á máa gún ẹran itan ní gbogbo ìgbésẹ̀ tí àwọn tó gbé e bá gbé. Inú itan á fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ju lítà 1 lọ lè dà sínú rẹ̀ láìsí pé ẹ̀kán kan kán sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó fara gbọgbẹ́ itan fi ń kú lọ́pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ogun yẹn. Irin ìdè-ẹsẹ̀ tí Hugh Owen Thomas, dókítà egungun ní Liverpool, ṣe ló yí i padà, Robert Jones, tí òun náà jẹ́ dókítà egungun ní Liverpool, ló sì jà fún un kí àwọn ọmọ ogun tó gbà á. Ohun èlò náà kò díjú: òrùka irin tí wọ́n fi awọ wé, tí wọ́n ń tì sókè títí dé abẹ́nú itan, ọ̀pá irin méjì tó gùn kọjá àtẹ́lẹsẹ̀, ọ̀já tí wọ́n so mọ́ bàtà, tí wọ́n sì ń fà títí ẹsẹ̀ á fi nà, tí egungun kò ní lè mira mọ́. Bàtà ni wọ́n ń so ó mọ́, wọn kì í bọ́ ọ, torí bíbọ́ bàtà á tún mi egungun náà.

Ní Guillemont, ní ilẹ̀ Faransé, oṣù Kẹjọ 1916, Chavasse tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ní gbangba látàárọ̀ ṣúlẹ̀ lójú àwọn ọ̀tá. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, wákàtí 4 ló fi wá ènìyàn kiri níwájú yàrà àwọn ará Jámánì. Lọ́jọ́ kejì, òun àti agbé-sítírẹ́ṣà kan gbé ẹnìkan tí ọ̀ràn rẹ̀ kò ṣeé dúró dè fún 500 yáàdì, ọta àgbá ń bú gbàmù lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Irin tó fọ́n ká láti ara ọta kan gbà á ní ẹ̀gbẹ́ lójú ọ̀nà. 500 yáàdì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 460 mítà. Ó ju eré tó sá ní Lọ́ńdọ̀nù lọ. Ìyẹn kò gbà á tó ìṣẹ́jú 1, láìgbé nǹkan kan, tí èrò sì ń pàtẹ́wọ́.

Lóru ọjọ́ yẹn kan náà, ó kó ogún ènìyàn tó yọ̀ǹda ara wọn, wọ́n lọ fa mẹ́ta tó ṣì ń mí yọ nínú kòtò tí ọta gbẹ́, 25 yáàdì péré sí yàrà àwọn ọ̀tá. Wọ́n sin òkú ọ̀gá ogun méjì. Ó sì ṣe ohun kan tó ń jà mí lọ́kàn láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun: ó kó àwọn àwo ìdánimọ̀ kékeré tó wà lọ́rùn àwọn òkú jọ. Kí ló fẹ́ fi wọ́n ṣe? Orúkọ ló wà lára wọn. Bí kò bá sí àwo yẹn, ohun tí wọ́n á kọ sí ìyá ẹni náà ni pé "a ò rí i", ìyá á sì máa wojú ọ̀nà títí yóò fi kú. Ẹni tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ ló ń fi òru kó orúkọ àwọn tí kò lè gbà là mọ́.

Ẹsẹ wa sọ pé "àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀". Ẹnìkan á ní, "Olùṣọ́-àgùntàn, ṣé ọ̀rẹ́ ni gbogbo ẹni tí a bá bá lójú ọ̀nà ni?" Ẹ ka ẹsẹ tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹsẹ kejìlá jẹ́ àṣẹ, ẹsẹ kẹrìnlá sì tún jẹ́ àṣẹ. Àárín àṣẹ méjì ni ọ̀rẹ́ yẹn wà. Kì í ṣe ẹni tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni Olúwa ń pè bẹ́ẹ̀, torí àwọn tó ń bá sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn fúnra wọn kò ní pẹ́ tú ká fi í sílẹ̀. Ó pè wọ́n lọ́rẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń wádìí bóyá ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ òun kó tó kúnlẹ̀, ìbéèrè amòfin inú Lúùkù orí kẹwàá ló ń bi: "Ta ni ọmọnìkejì mi?"

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó wà lọ́kàn mi. Mo ń bínú, mi ò ní fi pamọ́.

Fóònù mélòó ló wà lókè lọ́jọ́ yẹn? Ọwọ́ mélòó ló wà nísàlẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ń bèèrè ẹni tó rán an, àṣẹ tó wà ní ẹsẹ kejìlá ló rán an. Àṣẹ yẹn kan náà ló rán yín. Ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ iṣẹ́. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Wọ́n rán wa níṣẹ́ ọmọ, a ò fi tẹrú pàápàá jẹ́ ẹ. Ìsìn wákàtí mẹ́ta kò rẹ̀ wá, ọgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a kò kọ́.

Mo ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá torí ó rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí lítà 5 ni ẹ̀jẹ̀ tó wà lára àgbàlagbà. Bí òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá bá já, ẹ̀mí lè bọ́ kí ìṣẹ́jú 5 tó pé, kò sì sí ọkọ̀ aláìsàn tó ń tètè dé tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó dúró tì í ni dókítà rẹ̀. Kọ́kọ́ wo àyíká: bí ohun tó ṣe é léṣe bá ṣì wà níbẹ̀, ènìyàn méjì ló máa di òkú. Lẹ́yìn náà, tọ́ka sí ẹnìkan: "Ìwọ aláṣọ búlúù, pe àwọn onípàjáwìrì, kí o padà wá sọ fún mi." Má sọ pé "ẹ pè wọ́n o", torí ohun tí a bá sọ fún gbogbo èrò, olúkúlùkù á rò pé ẹlòmíràn ti ṣe é. Fi ọ̀rá wé ọwọ́ rẹ bí kò bá sí ìbọ̀wọ́. Ya aṣọ ẹni náà kí o lè rí ojú ọgbẹ́. Ká aṣọ mímọ́ lé e, gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé aṣọ náà, na ìgbọ̀nwọ́ rẹ gbọọrọ, kí ìwúwo rẹ wà lórí rẹ̀. Ìṣẹ́jú 10, má ṣí i wò. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í: wọ́n á fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti dá, wọ́n á ká aṣọ kúrò, èyí tó ti ń dì á sì tún ya. Bí aṣọ àkọ́kọ́ bá rin gbindin, gbé òmíràn lé e lórí, kí o sì túbọ̀ tẹ̀ ẹ́.

Bí ó bá jẹ́ apá tàbí ẹsẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ náà sì ń tú yàà, ọ̀já ló kù, èyí tí àwọn elétò ìlera ń pè ní tọ́níkẹ́ẹ̀tì. Kí ìbú rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 4 sí 5. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí wáyà á gé ẹran ara. Dì í sí òkè ọgbẹ́ ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7, níhà ọ̀dọ̀ ọkàn, má dì í lórí orúnkún tàbí ìgbọ̀nwọ́. Ta kókó kan, fi igi líle lé e, ta kókó kejì lórí igi náà, kí o máa yí i. Ẹni náà á kígbe, torí ó máa ń dunni gan-an. Àánú á ṣe ọ́, wàá fẹ́ dẹ̀ ẹ́. Má dẹ̀ ẹ́. Ọ̀já tí a kò fún tó burú ju àìdì lọ: á dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó ń padà sínú ọkàn, kò ní dí ti èyí tó ń bọ̀ láti inú ọkàn, ọgbẹ́ á túbọ̀ máa ṣàn. Yí i títí ẹ̀jẹ̀ á fi dá pátápátá, so igi náà kó má tú, kọ aago tí o dì í sára ẹni náà, kí o sì jẹ́ kí dókítà tú u fúnra rẹ̀. Ní abẹ́nú itan tàbí abíyá, níbi tí ọ̀já kò lè gbà, ki aṣọ bọ inú ọgbẹ́ títí á fi kún dẹ́nu, kí o tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ohun tó bá ṣì gún un lára, má fà á yọ. Má fún un ní omi mu. Da nǹkan bò ó, torí ẹ̀jẹ̀ ẹni tí òtútù mú kì í tètè dì. Bi í ní orúkọ rẹ̀, kí o sì máa fi orúkọ náà pè é.

Lọ́jọ́ 31 oṣù Keje 1917, ìjà tuntun bẹ̀rẹ̀ nítòsí Wieltje, tí kò jìnnà sí Ypres, òjò sì bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀. Ẹrẹ̀ yẹn pọ̀ débi pé sítírẹ́ṣà tí ènìyàn mẹ́rin lè gbé di ti mẹ́fà, ó di ti mẹ́jọ. Chavasse ń gbé ẹnìkan lọ nígbà tí ọgbẹ́ kàn án lórí. Wọ́n dì í, wọ́n ní kó máa lọ sẹ́yìn, kò lọ. Ọjọ́ méjì ló fi ń jáde lọ wá ènìyàn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí oúnjẹ jẹ, òòyì ń kọ́ ọ. Ní ìdájí ọjọ́ kejì oṣù Kẹjọ, ọta àgbá wọ inú ihò tó ń lò, ó sì bà á níkùn. Wọ́n gbé e dé Brandhoek, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó kú lọ́jọ́ kẹrin. Nǹkan bí oṣù kan ṣáájú ni ogun náà ti pa àbúrò rẹ̀, Aidan. Bàbá wọn, bíṣọ́ọ̀bù yẹn, pàdánù ọmọ méjì sógun náà.

Ìyá wa, ẹ̀yin tí mò ń kọ èyí fún ju gbogbo wọn lọ, ẹ mọ ara yín. Ọmọ yín kò ju ẹ̀mí rẹ̀ nù. Ó fi í lélẹ̀, a sì mọ ibi tó fi í lélẹ̀ sí. Bí ẹnikẹ́ni bá tún bi yín ní ìbéèrè yẹn, ẹ ní kó wá bá mi.

Ẹ̀yin tí ẹ dúró, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yín kú tì, mo ti bá yín wí, ó tó. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló ba ọ̀pọ̀ nínú yín, kì í ṣe ìkà. Ọwọ́ tí kò kọ́ nǹkan kan kì í mọ ohun tó yẹ kó ṣe nígbà tí jìnnìjìnnì bá dé. Olúwa kò bi Pétérù ní ìdí tó fi sọ pé "Èmi kọ́." Ó dáná, ó sun ẹja, ó ní kó wá jẹun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bi í bóyá ó fẹ́ràn òun, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Ẹ wá. Iṣẹ́ wà nílẹ̀.

Olùṣọ́-àgùntàn yín nínú Kristi.

Àwọn ìkéde, kí àyè tó tán: Ẹ̀kọ́ Bíbélì ọjọ́rú, aago 6 ìrọ̀lẹ́, Jòhánù orí 13 la máa kà. Lọ́jọ́ Sátidé, aago 10 òwúrọ̀, nọ́ọ̀sì kan nínú ìjọ máa kọ́ wa ní ìtọ́jú pàjáwìrì ní yàrá àwọn ọmọdé. Kí olúkúlùkù mú aṣọ méjì tó fẹ̀, igi líle kan tó gùn tó ọwọ́, àti gègé tí kì í pa rẹ́ wá. A máa dì í mọ́ra wa, kò ní pẹ́ ju wákàtí 2 lọ. Ẹgbẹ́ akọrin kò ní pàdé lọ́jọ́ Ẹtì, ìṣọ́ òru ìdágbére la máa ṣe, aṣọ funfun la máa wọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní àwòrán tàbí fídíò ọjọ́ yẹn lórí fóònù, ẹ pa á rẹ́ lónìí, kí ẹ tó kúrò nínú ọgbà. Ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ yàrá àwọn ọmọdé lọ sílé, jọ̀wọ́ dá a padà kí ọjọ́ Sátidé tó pé.